Àwọn Tó Ń Gbé Inú Gọ́tà Ìsọlọ̀

Gọ́tà tó gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kọjá ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate kì í ní àwọ̀ kan pàtó. Ó lè dúdú láàárọ̀, kó máa hó fún ọṣẹ lọ́sàn-án. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, dísù jẹnẹrétọ̀ á ti tẹ́ sójú rẹ̀, á máa dán yinrin. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dí i níhìn-ín, ike dí i lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ á fọwọ́ bomú, á ní kò sóhun ẹlẹ́mìí tó lè gbébẹ̀. Àmọ́ àwọn kan fi ibẹ̀ ṣelé. Ẹni tó bá sì mojú wọn ti mọ irú omi tó ń ṣàn níbẹ̀.

Àwo tánńganran funfun ló máa fi wọ́n hàn. Ẹ bu omi etí gọ́tà sí i pẹ̀lú ẹrẹ̀ díẹ̀ látìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tòrò.

Tanwíjí ló máa kọ́kọ́ yọjú. Orí rẹ̀ rí roboto, àyà rẹ̀ wú, ìyókù ara rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dorí kodò, ó gbé ìdí sókè, ihò mímí rẹ̀ sì wà ní ṣóńṣó ọ̀pá kékeré kan tó yọ níbi ìdí náà, tó fi kan ojú omi. Ẹ jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí àwo: gbogbo wọn á rì lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á máa jùrù lọ sísàlẹ̀, kó tó pẹ́ wọn á tún gòkè wá mí. Ọmọ ẹ̀fọn Culex nìyẹn, tó fẹ́ràn omi ìdọ̀tí. Ọmọ Anopheles, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, kò ní ọ̀pá yẹn. Ṣe ló máa ń nà gbọọrọ lábẹ́ ojú omi, inú omi òjò tó dárogún síta, tí oòrùn ń pa, ló sì ti sábà máa ń wà.

Ẹ wá wo ẹrẹ̀ náà. Ohun pupa kan á yọ jáde níbẹ̀, bí òwú tí télọ̀ gé sọnù. Á ká ara rẹ̀ sọ́tùn-ún, á ká a sósì, títí á fi kúrò lójú kan. Kì í ṣe ekòló, nítorí ó lórí, ó sì ní ẹsẹ̀ kúkúrú méjì lábẹ́ ọrùn àti méjì níbi ìdí. Ẹrẹ̀ ló fi itọ́ rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra tó fi kọ́lé. Èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ tiwa pọ́n ló mú un pọ́n, òun ló sì ń bá a di ọ́síjìn kékeré tó kù nísàlẹ̀ omi mú. Tó bá dàgbà, á hu ìyẹ́, á jọ ẹ̀fọn, á máa ṣù bo iná ilé iṣẹ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní ẹnu tó lè fi jẹni, ẹ̀bi ẹlẹ́bi ni wọ́n fi ń pa á.

Àwọn tí ẹ ò rí nínú àwo náà lọ́rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Ní ti ìròmi ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ojú omi gan-an ni ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kó rì. Bí ọṣẹ bá dà sómi, ojú omi ò ní lè gbà á mọ́, á sì rì. Ọmọ lámilámi ní tiẹ̀ ká ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ ojú. Bí tanwíjí bá sún mọ́ ọn, á nà án jáde wàì, á fi gbá a mú. Ìdí ló fi ń fa omi sínú láti mí, kò sì lè gòkè wá mí bíi tanwíjí. Omi tí ọ́síjìn rẹ̀ ti tán á pa á, á sì dá tanwíjí sí.

Àwọn tó ń pẹja trout nínú odò tútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi irú ìmọ̀ yìí ṣiṣẹ́ ọjọ́ pẹ́. Kòkòrò omi ni ẹja náà ń jẹ, nítorí náà apẹja á kọ́kọ́ wo èyí tó wà lódò lọ́jọ́ náà, á wá fi ìyẹ́ àti òwú di ìwọ̀ rẹ̀ kó lè jọ ọ́. Lọ́dún 1836, Alfred Ronalds tẹ ìwé The Fly-Fisher's Entomology jáde, ó ya kòkòrò àti ìwọ̀ tó fara wé e pọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1980, àwọn onímọ̀ Britain ń fún àwọn kòkòrò yìí ní máàkì láti 1 dé 10 láti fi díwọ̀n ìmọ́tótó odò. Ọ̀pọ̀ mayfly àti stonefly, àwọn kòkòrò tó ń fẹ́ omi tó mọ́, gba 10, lámilámi gba 8, ìròmi gba 5, kòkòrò pupa inú ẹrẹ̀ gba 2 péré. Odò wọn ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe gọ́tà Èkó, síbẹ̀ ẹ̀yin náà lè fi wo àwo tánńganran yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé iṣẹ́, ẹ má da ìdọ̀tí tó ń gba ọ́síjìn inú omi sí gọ́tà mọ́. Ohun tó ń pa lámilámi ló ń sin ẹ̀fọn fún gbogbo àdúgbò.