Súìṣì Rédíò Bàbá Wa

 

Ọ̀rọ̀ kékeré kan la mú wá lónìí láti Kèrè, láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà. Nígbà tí àwa ọmọ pín ẹrù lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ rédíò rẹ̀. Wọ́n ní ó ti gbó, wọ́n ní súìṣì rẹ̀ kò dára láti ìgbà pípẹ́. Àwa olùkọ́ la gbé e lọ sílé, nítorí ìsinmi ni, ọwọ́ wa sì dilẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà ní abúlé yóò mọ irú rẹ̀: àpótí dúdú, irin gígùn tí a ń fà jáde lórí, bọ́tìnì méjì níwájú. Ọ̀kan ń wá ibùdó, ọ̀kan ń gbé ohùn sókè. Píìlì ńlá mẹ́fà ló ń lò, èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní bátìrì. Bọ́tìnì ohùn náà ló ń tan rédíò, òun náà ló ń pa á. Tí a bá yí i sósì dé òpin, ó yẹ kó dún “kẹ́”, kí gbogbo rẹ̀ sì kú. Tiwa kì í dún. Ohùn á lọ sílẹ̀ títí a kò fi ní gbọ́ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n rédíò kò kú. Á máa jẹ píìlì lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìdí nìyẹn tí bàbá wa fi fún wa níṣẹ́ kan: kí a ṣí ẹ̀yìn rédíò lálaalẹ́, kí a yọ píìlì. Bí ó bá ti ń rẹ̀ wọ́n, a ó sá wọn sórí àpáta nínú oòrùn, kí wọ́n lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1990, àpérò gbogbogbòò bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnù, ní òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo, láti ọjọ́ 19 títí di ọjọ́ 28. Monseigneur Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Rédíò ń gbé e jáde tààrà, ìlú sì dúró tì í. Ẹ rántí pé àwọn olùkọ́ ti ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù, ìdaṣẹ́sílẹ̀ sì ti ba ọdún ẹ̀kọ́ 1989 jẹ́. Àwọn àgbà máa ń wá jókòó lábẹ́ igi máńgòrò wa. Ẹni tó gbọ́ Faransé á túmọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 27, a gbàgbé. Oorun gbé wa lọ, píìlì sì wà nínú rédíò.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ kejì, ọjọ́ tí gbogbo ayé fẹ́ gbọ́ bóyá Ààrẹ Kérékou yóò gba ohun tí àpérò pinnu. Àwọn èèyàn jókòó. Bàbá wa yí bọ́tìnì. Rédíò kùn bí kòkòrò, ó sì dákẹ́. Owó kaṣú kò tíì wọlé, píìlì tuntun kò sí nílé. Bàbá wa dìde láìsọ nǹkan kan, ó lọ sí agboolé mìíràn, gbogbo àlejò rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àga òfìfo ló kù lábẹ́ igi, àti àwa.

Nígbà tó padà dé lálẹ́, ọ̀rọ̀ kan ló sọ: “Ó gbà.” Kò bá wa wí. Ó ṣí ẹ̀yìn rédíò, ó yọ píìlì tó ti kú náà fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń yọ ọ́ lálaalẹ́ títí ó fi darúgbó. Kò tún bẹ̀ wá mọ́. A kò mọ̀ títí di òní bóyá ó dárí jì wá ni, tàbí kò fọkàn tán wa mọ́.

Nínú ìsinmi yìí, a yọ gbogbo píìlì, a sì tú rédíò náà. Súìṣì wà nínú àpò irin kékeré kan lẹ́yìn bọ́tìnì ohùn. A fi wáyà, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan àti píìlì kan dán an wò: bí a ṣe yí i tó, gílóòbù kò kú. Ohun tó ṣe é ni pé gíríìsì àtijọ́ ti le bí ọ̀dà, erùpẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn, súsúrù inú rẹ̀ kò lè fa apá súìṣì padà mọ́. A kán ọtí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ara sí i, a yí i síwá sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́, ìdọ̀tí dúdú sì ń jáde. Nígbà tó gbẹ, a fi ẹ̀kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo sí ibi tó ń yí, kò kan ibi tí ohùn ń gbà.

“Kẹ́!” Gílóòbù kú. A tún yí i. “Kẹ́!” Ó tàn.

Kò tó wákàtí kan. Ìyá wa tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà béèrè pé kí ló dún yẹn. A ní súìṣì rédíò Bàbá ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ṣé bó ṣe yẹ kó máa dún nìyẹn?”

Ohun tó dùn wá nìyí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń ya píìlì, gílóòbù àti interrupteur sórí pátákó fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, lédè Faransé, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí a gbé ẹ̀kọ́ náà délé bàbá wa. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo wa ti gbà pé bí rédíò náà ṣe rí nìyẹn, àárẹ̀ bàbá wa sì di ìṣe rẹ̀ lójú wa.

Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wà nílé àwọn òbí yín, tí wọ́n ń ṣe wàhálà lé lórí lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u wò nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo iná ògiri, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Rédíò náà wà lọ́dọ̀ ìyá wa báyìí. Lálẹ́, a máa ń gbọ́ “kẹ́” kan láti yàrá rẹ̀, a ó sì mọ̀ pé ó ti fẹ́ sùn.