Ọ̀bọ Tí A Sọ Di Ọmọ Ilé

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò bàbá mi, tí í ṣe ọdẹ, mú ọmọ ọ̀bọ kan bọ̀ láti inú igbó. Ó ti yìnbọn pa ìyá rẹ̀. Àyà òkú ìyá náà ni ọmọ yìí lẹ̀ mọ́ tí wọ́n fi fà á já. Èmi kò ro ti ìyá nígbà náà. A sọ ọmọ náà ní Àjàní.

Fún ọdún mẹ́ta, Àjàní ni ayọ̀ ilé wa. Èmi ni mo kọ́ ọ ní eré kan: n óo na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, n óo sì tún fà á sẹ́yìn, gbogbo ilé a sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Wọn a ní, "Àlejò ni ẹ ń tọ́ yìí o."

Nígbà tí ó dàgbà, eyín rẹ̀ gùn, ìwà rẹ̀ sì yí padà. Ó ń dojú ìkòkò ọbẹ̀ dé, ó ń fa aṣọ ya. A so ó mọ́ igi máńgòrò. Okùn sì bó o ní ìbàdí. Ní ọjọ́ kan, àbúrò mi obìnrin na àkàrà sí i, ó sì fà á sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ó ti rí mi tí mo ń ṣe. Àjàní gé e jẹ dé eegun. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi léraléra, nítorí bí àrùn náà bá ti fara hàn, ekukáká ni ẹnikẹ́ni fi í yè é. Títí di òní, ìka rẹ̀ kan kò ká mọ́.

A dá Àjàní padà sí igbó. Ní ọjọ́ kejì, ó ti padà dé ẹnu ọ̀nà wa: kò mọ oúnjẹ igbó, kò sì mọ àwọn ará rẹ̀. Ìbọn tí ó pa ìyá ni ó pa ọmọ.

Láti 1959 ni Dmitri Belyaev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti bẹ̀rẹ̀ sí yan àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ara wọn balẹ̀ jùlọ, tí ó sì ń mú wọn bímọ. Kì í ṣe àwọn tí ó kọ́kọ́ yàn ni ó ń ju ìrù sí ènìyàn bí ajá. Àtọmọdọ́mọ wọn ni. Ajá pàápàá ti bá ènìyàn gbé ju 10,000 ọdún lọ. Kí ni ọdún mẹ́ta tiwa lè ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá fi ọmọ ẹranko igbó lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìyá rẹ̀.