Májèlé Tí Ó Tún Ojú Mi Ṣe

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí ènìyàn tó la ẹnu, ojú rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú. Tèmi a sì máa purọ́ mọ́ mi. Gíláàsì ọkọ̀ tí ó fọ́ ni ó là mí níwájú orí, àpá rẹ̀ sì fẹ̀, ó jìn, tí ó fi dà bí ẹni pé mo ń fajú ro nígbà gbogbo. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ kì í fẹ́ bi mí ní ìbéèrè. Ẹ má ṣe fi wé ilà o! Àbàjà àti pélé ní ìdílé tí wọ́n ń júwe. Àpá tèmi kò júwe ẹnikẹ́ni.

Dókítà ní òun yóò gé àpá náà kúrò, òun yóò tún un rán, òun yóò sì fi botulinum toxin gún iṣan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé májèlé ni, wọ́n figbe ta: "Ọmọ mi, ṣé ojú ni a ń fi májèlé sí?"

Ìyá mi kò jayò pa. Ní 1895, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí májèlé yìí wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ibẹ̀ ni Émile van Ermengem ti rí kòkòrò tí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ a máa dènà iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí iṣan, iṣan a sì sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí a bá ń mi ògiri tí amọ̀ rẹ̀ tutù, ṣé kò ní sán? Bẹ́ẹ̀ ni egbò iwájú orí tí iṣan ń fà. Ní 2006, àwọn oníṣègùn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kéde ìdánwò tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 31: àpá àwọn tí ó gba oògùn náà dára ju ti àwọn tí ó gba omi iyọ̀ lásán.

Mo ṣàlàyé fún ìyá mi, wọ́n sì gbà. Àpá mi kò parẹ́, ṣùgbọ́n ó ti tín-ín-rín bí òwú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má tìtorí èyí sáré tọ onílé ìṣaralóge lọ. Bí wọ́n bá ṣì í gún, ìpéǹpéjú lè wọ́ sílẹ̀. Lọ́wọ́ amòye ni májèlé ti ń di oògùn.