Táìlì Kọ́, Sìmẹ́ǹtì Ni

Bí ẹ bá wọ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe lóde òní, kí ẹ tó kí onílé tán, ojú yín á ti lọ sí ilẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá funfun, tó ń dán bíi dígí, ẹ ó ní, “Ẹ kú oríire o, ẹ kú iṣẹ́ ńlá.” Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì ni, ẹ ó gbójú kúrò níbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn rí aṣọ tó ya lára àna rẹ̀. N kò bá yín jà. Ohun tí mo fẹ́ rò fún yín ni bó ṣe jẹ́ tí àwa ọmọ bàbá kan náà, tí a rí owó táìlì, fi tún ilé bàbá wa ṣe ní Ìbàdàn, tí a sì fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì.

Ọdún 1961 ni bàbá wa kọ́ ilé náà. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ẹ̀wékorò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 ni, ẹni tó bá sì rí àpò sìmẹ́ǹtì rà nígbà náà, ó ti kúrò ní ẹgbẹ́ ẹni tí à ń pè ní “ìwọ yìí.” Ògiri amọ̀ ni ilé wa, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lóde, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni Bàbá náwó sí jù. Wọ́n ní kí bírìkìlà po ìyẹ̀fun pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì tó wà lójú ilẹ̀, kó sì fi irin dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Ilé tí wọ́n bí Bàbá fúnra wọn sí, ilẹ̀ tí obìnrin fi pákó lù ni, ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n sì fi ń pa á. (Ẹ má yímú o. Ilẹ̀ tí a bá pa dáadáa bẹ́ẹ̀, kì í rú eruku.) Ká má sì rò pé òyìnbó ló kọ́ wa bí a ti ń ṣe ilẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ti ju 600 ọdún lọ tí àwọn ará Ifẹ̀ ti ń to àpáàdì ní ìdúró sínú ilẹ̀ bí eegun ẹja, tí wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà. Ìtàn wọn ní Ọọ̀ni Lúwo, tó jẹ́ obìnrin, ló pa á láṣẹ. Àwọn àpáàdì náà ṣì ń jáde nílẹ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Ilẹ̀ Bàbá ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní 60 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òjòjò. Ó sán nínú pálọ̀, ó wú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí a bá sì fi igi kàn án, á dún bíi ìlù. Ìyá wa, tí wọ́n ti lé ní ọdún 85, ṣì ń gbé inú ilé náà, wọn kò sì gbà láti kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ kankan. Ní ọjọ́ kan ìka ẹsẹ̀ wọn kọ́ etí ibi tó sán. Wọn kò ṣubú, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà gbogbo wa wà lórí fóònù.

Àbúrò wa tó kéré jù, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun yóò san owó ilẹ̀ gbogbo ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fi àwòrán táìlì ránṣẹ́: funfun báláú, ẹsẹ̀ bàtà 2 níhìn-ín, ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ́hùn-ún, òjìji àga ń hàn nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì ní kó jẹ́ ká rò ó. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń sanwó kì í fẹ́ gbọ́ “ẹ jẹ́ ká rò ó.”

Mo ní ìdí tèmi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí táìlì pálọ̀ rẹ̀ dìde láàárín ọyẹ́, méjì forí sọ orí bí ẹran tó ń kàn, ìró rẹ̀ sì bú bí ìbọn. Ọmọ-ọ̀dọ̀ sá jáde. Táìlì kò ṣe ohun tó burú. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ni kò fi sìmẹ́ǹtì kún abẹ́ rẹ̀ dé etí, kò sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín. Ohun tí mò ń sọ ni pé abẹ́ táìlì ni iṣẹ́ wà, abẹ́ táìlì sì ni ojú wa kì í tó. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kò ní abẹ́ tó lè fi nǹkan pamọ́ sí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dára, ẹ ó rí i. Bí kò bá dára, ẹ ó tètè rí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dá wa dúró gan-an.

Bàbá wa kú ní 1983. Bí wọ́n ti ń ṣe fún àgbà nílé wa, inú ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ni a sin wọ́n sí, nínú yàrá tí wọ́n ń sùn. Nígbà tí bírìkìlà tẹ́ sìmẹ́ǹtì lé ojú oórì náà tán, tó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ yòókù, ó yọ ìṣó gígùn kan nínú àpò, ó nà án sí mi. “Tíṣà, ẹ wá kọ ọ́. Ọwọ́ tèmi ò dáa.” Mo kúnlẹ̀, mo kọ orúkọ Bàbá àti ọdún náà sínú sìmẹ́ǹtì tútù. Màmá kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìka wọn ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá jí, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kan lẹ́tà kìíní, wọ́n á fà á lọ títí dé ìdí 3 tó kẹ́yìn.

Bí a bá lẹ táìlì, sìmẹ́ǹtì tí a ó fi lẹ̀ ẹ́ àti táìlì fúnra rẹ̀ yóò gun orí ibẹ̀, ó parí. Àbúrò mi ti rò ó, kì í ṣe aláìláàánú. Ó ní, “Àǹtí mi, a ó fi mábù dúdú sí orí Bàbá, a ó fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ wọn sí i. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa mọ̀ pé wọ́n bímọ.”

Mo gbé fóònù fún Màmá.

“Wúrà?” ni Màmá wí. “Ọmọ mi, o ṣeun, wàá rí jẹ, wàá rí mu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ èyí tó wà níbẹ̀. N ò lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òmíràn ní ọjọ́ orí tí mo wà yìí.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tí Màmá dá fóònù padà fún mi ni ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. “Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Gbogbo Sátidé, ta ló máa ń kúnlẹ̀ fi pọ́líìṣì pupa nu ilẹ̀ yẹn? Ẹ̀yin ti lọ sí ilé ìwé àwọn olùkọ́ nígbà náà, èmi ni mo kù nílé. Orúnkún mi á pọ́n bí ẹyìn, kò ní ṣí, ọjọ́ Mọ́ńdè màá sì wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ilé ìwé. Orúnkún Ẹyìn ni wọ́n ń pè mí. Mi ò ṣe ọgbọ̀n ọdún nínú òtútù kí ilé wa tún lè padà sórí sìmẹ́ǹtì.”

Kí ni ènìyàn fẹ́ fi dá èyí lóhùn? Èmi rántí ilẹ̀ pupa náà bí ohun tí àlejò ń wò tí wọ́n ń yin Bàbá. Òun rántí rẹ̀ láti ibi tí ojú rẹ̀ wà, ìyẹn ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀. Ìpàdé fóònù mẹ́ta la ṣe. Ibi tí a parí rẹ̀ sí nìyí: yàrá tirẹ̀ yóò ní táìlì funfun tó fẹ́, balùwẹ̀ yóò ní táìlì kéékèèké tí ojú rẹ̀ ki, kí ẹsẹ̀ Màmá lè rí nǹkan dì mú, pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá Bàbá yóò jẹ́ sìmẹ́ǹtì dídán.

Ìṣòro tó kàn ni ẹni tí yóò ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá wo iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ táìlì nìkan ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan tilẹ̀ bi mí bóyá owó ló tán. Níkẹyìn a rí bàbá bírìkìlà kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 70, tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó fi orí ìdérí òòlù kan gbogbo ilẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ń dún bí ìlù. Wọ́n gé ojú ilẹ̀ àtijọ́ kúrò, bí ínṣì kan ààbọ̀, títí dé kọnkéré tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tó kan ojú oórì, ó lé àwọn ọmọ iṣẹ́ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òòlù kékeré gé etí rẹ̀ yíká, ó sì fi àpò bò ó.

Wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n fi omi rin ín di ọjọ́ kejì. Ó po sìmẹ́ǹtì lásán mọ́ omi bí ẹ̀kọ mímu, ó fi ìgbálẹ̀ pa á sí ojú kọnkéré kí tuntun lè di ti àtijọ́ mú, kò sì jẹ́ kó gbẹ kó tó da tuntun lé e. Ìdá sìmẹ́ǹtì kan sí ìdá yanrìn mẹ́ta ló pò, ṣáàpù sáǹdì ni, kì í ṣe yanrìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí a fi ń rẹ́ ògiri. Omi rẹ̀ kò pọ̀. Ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó fún un: bó bá dì bí òkèlè ẹ̀bà, tí omi kò sì ro láàárín ìka, ó ti tó. Ó là á sí onígun mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4. Ó ní sìmẹ́ǹtì a máa súnkì bó ti ń le, bí a kò bá sì fi ibi tó máa là sí hàn án, yóò yan ibi tó bá wù ú.

Dídán rẹ̀ ni ẹ ò bá wò. Pákó ló kọ́kọ́ fi tẹ́ ẹ. Ó jókòó, ó jẹ obì. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kàn wọlé díẹ̀, ó dìde, ó gbé irin. Ìyẹ̀fun pupa tó pò mọ́ sìmẹ́ǹtì tí ó fi pa ojú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó ní bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sọ sìmẹ́ǹtì di ọ̀lẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi irin padà síbẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ lu, ó ṣì wà lórí pákó, ó ń fi iná fóònù ọmọ iṣẹ́ kan wo ojú ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 7 la fi fi àpò tútù bò ó, àràárọ̀ ni wọ́n ń bu omi sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó ti gbẹ, kí ló kù? Sìmẹ́ǹtì kì í tipa gbígbẹ le, omi tó ń mu ló ń sọ ọ́ di òkúta. Ẹni tó bá gbọ́njú ní 1975 yóò rántí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì wá dúró sí èbúté Èkó, tí kò ríbi já ẹrù sí. Púpọ̀ nínú sìmẹ́ǹtì náà di òkúta sínú ọkọ̀. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló mu. Ó tó bí ọjọ́ 28 kí agbára rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, nítorí náà Màmá wà lọ́dọ̀ mi fún oṣù kan gbáko, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń bi mí bóyá ilẹ̀ náà ò tíì mumi yó.

N kò ní tàn yín. Ẹni tó bá ṣe é nítorí owó kékeré, kó tún un rò. Òótọ́ ni pé a kò ra táìlì, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 kan náà tí à ń wí yìí ni àpò sìmẹ́ǹtì kan fò kọjá ₦10,000, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yẹn kò sì jẹ́ ti ọ̀fẹ́, kò sì yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí omi bá dà sí i, ó ń yọ̀ bíi táìlì, ìdí rẹ̀ tí a kò fi jẹ́ kó dé balùwẹ̀ nìyẹn. Epo pupa kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí rẹ̀. Oṣù kejì kò tíì pé tí ìlà tínínrín kan, bí okùn irun, fi yọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá bírìkìlà wá wò ó, ó ní ọ̀kan kò pọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba jálẹ̀. Ó dúdú díẹ̀ lápá fèrèsé. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú oórì Bàbá wà láàárín pupa tuntun náà, ó ṣì jẹ́ pupa àtijọ́ tó ti ṣá, lẹ́tà mi sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí Màmá padà sílé, wọn kò wo pálọ̀ rárá. Wọ́n kọjá lọ tààrà sí yàrá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ka Bàbá.

Mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó pẹ́ kí àbúrò mi tó pè. Ó ní, “Àǹtí mi, ó dáa. Ó dáa gan-an.” Ó tún dákẹ́. “Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fi pọ́líìṣì nù ún?”

Mo ní ṣebí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Ó ti pé ọmọ ọdún 14, orúnkún rẹ̀ sì dára.