Ìkòkò Ìyá Àgbà

Láti Ìkirè la ti gbéra láàárọ̀ Sátidé, àwa ọmọ ìyá mẹ́ta, dòdò Ìkirè nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wa. A gba Gbọ̀ngán, a gba Ifẹ̀, a wọ Iléṣà. Iléeṣẹ́ International Breweries là ń lọ wò, àwọn tó ń ṣe ọtí Trophy. Ọdún 1971 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí níbẹ̀.

Wọ́n dé akoto fún wa. Ariwo ìgò gba gbogbo etí. Àwọn àgbá irin ga ju ilé alájà wa lọ. Arákùnrin tó ń mú wa kiri ń lọgun kí a lè gbọ́:

"Ọkà tí wọ́n ti rẹ, tó ti hù, tí wọ́n sì ti mú gbẹ ni wọ́n ń kó wá fún wa. A ó lọ̀ ọ́, a ó fi omi gbígbóná pò ó, a ó sẹ́ ẹ, a ó sè é. Tó bá tutù, a ó fi ìwúkàrà sí i. Ó di kó máa hó fúnra rẹ̀."

A wo ara wa lójú. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ Ìyá àgbà rèé o!

Àgbàdo ni tiwọn, lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ti máa ń hù. Bàbá wa ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀: ìyá díákónì kì í pọntí. Wọ́n da ìkòkò dé sẹ́yìn ilé. Ká sòótọ́, inú àwa náà dùn. "Ọmọ ọmọ ìyá ọlọ́tí" ni wọ́n ń pè wá níléèwé.

Arákùnrin náà tún sọ̀tàn kan. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ọkà báálì ilẹ̀ òkèèrè. Làwọn iléeṣẹ́ ọtí ńláńlá bá yíjú sí àgbàdo àti ọkà bàbà. Ohun tó wà nínú igbá Ìyá àgbà ni wọ́n wá kó sínú àgbá irin!

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a pe àǹtí wa lórí fóònù: ọjọ́ mélòó ni àgbàdo yẹn fi ń hù?

"Ta ló ń kà á? Ìyá á kàn kọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á ní ó ti tó."

Níléeṣẹ́ yẹn, ẹ̀rọ ló ń sọ ìgbà tó tó. Tiwa, ọwọ́ Ìyá ni, ọwọ́ náà sì ti wọlẹ̀. Ìkòkò ṣì wà sẹ́yìn ilé. Orí ìdí rẹ̀ la jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ náà, a jẹ dòdò tó kù. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.