Kí Wọ́n Tó Tú Ẹ́ńjìnnì

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Bàbá Rìwáyà, bí àwọn oníbàárà ṣe ń pè wọ́n n'Ìbàdàn, jẹ́ ọmọ iṣẹ́ kékeré nígbà náà, iná iwájú ọkọ̀ sì ni wọ́n fi ń rántí ọjọ́ náà. Iná tí wọ́n ṣe fún apá òsì máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ títì kó má baà wọ ojú ẹni tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá wá bọ́ sí apá ọ̀tún, ojú ẹni tó ń bọ̀ gan-an ló ń tàn sí. Iṣẹ́ ya wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn tó fẹ́ gbé sitiarin láti ọ̀tún sí òsì tún dé. Wáyà ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kò gùn tó ibi tuntun tí wọ́n ń gbé e lọ, ni wọ́n bá ń gé e, wọ́n ń so mìíràn mọ́ ọn, wọ́n ń fi tépù wé e. Bàbá ní ọ̀pọ̀ àìsàn tí àwọn padà wá wò lára ọkọ̀ àtijọ́, ojú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀. Owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ ń ra Ìjàpá, ìyẹn Beetle ti Volkswagen, nọ́ọ̀sì ń ra Ìjàpá, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ń gun Peugeot 504. Bí ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ ni iṣẹ́ ń pín. Lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ bàbá, ẹnì kan náà ló ń tún fálífù ṣe tó sì ń wo iná. Kò pẹ́, mẹkáníìkì dúró ti ẹ́ńjìnnì, rìwáyà dúró ti wáyà, kò sẹ́ni tó ń yọjú sí ti ẹnì kejì mọ́. Bàbá kò fara mọ́ ìpín yẹn títí dòní, wọ́n sì ní ẹ̀rí.

Ẹ wo fáànù 504. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fáànù kì í yí ní gbogbo ìgbà. Bí omi rédíétọ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n kan, súwíìsì kékeré kan á fún máàgínẹ́ẹ̀tì níná, máàgínẹ́ẹ̀tì á di fáànù mú, á wá máa bá ẹ́ńjìnnì yí. Ara bírọ́ọ̀ṣì kékeré kan ni iná náà ń gbà kọjá. Bí bírọ́ọ̀ṣì bá jẹ tán, fáànù á dákẹ́, omi á hó. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á yọ tẹ́mósítáàtì jù nù, á pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, á tú topú. Owó ńlá ti wọlé, ọkọ̀ ṣì ń hó. Wáyà gígé kan ṣoṣo ni bàbá fi ń dán an wò: wọ́n á fi fo súwíìsì náà kọjá. Bí fáànù bá mú, súwíìsì ló ti kú. Bí kò bá mú, bírọ́ọ̀ṣì tàbí máàgínẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n lọ wò.

Ti Ìjàpá tún ṣòro í mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé èyí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Bó bá ṣí kọ́kọ́rọ́, sitátà ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó ti ra bátìrì tuntun, ó ti pààrọ̀ sitátà. “Ẹ bá mi wò ó, bàbá, owó ti tán lọ́wọ́ mi.” Bàbá ní kó jókòó sínú ọkọ̀, kó ṣí i. Àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà tí ìtẹ̀ iná fi ń fa kábúrétọ̀. Ó gbóná.

Wáyà ìtẹ̀ iná kò yẹ kó gbóná. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì àti jíàbọ́ọ̀sì Ìjàpá jókòó sí, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Okùn áàtì pẹlẹbẹ kan ló so jíàbọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì, òun ni iná sitátà ń gbà padà sí bátìrì tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Okùn yẹn ti jẹrà. Iná wá ń fi wáyà ìtẹ̀ iná àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì ṣe ọ̀nà. Bàbá mú wáyà nínípọn kan, wọ́n fi so orí bátìrì tó jẹ́ ti áàtì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀ẹ̀kan tí ọmọkùnrin náà ṣí i, ọkọ̀ ké. Okùn áàtì tuntun nìkan ni wọ́n gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́ díẹ̀.

Ohun tí bàbá kì í fi ṣeré ni ìwọ̀n. Àlàfo fálífù Ìjàpá jẹ́ 0.15 mìlímítà, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ ti tutù pátápátá kí fílà géèjì tó wọ ibẹ̀. Àlàfo kọ́ńtáàtì jẹ́ 0.4. Iná ń bọ́ sí plọ́ọ̀gì 1, 4, 3, 2. Nọ́ńbà 3 yìí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, pàápàá nínú èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1971, nítorí kúlà ọ́ìlì dínà atẹ́gùn rẹ̀, ó sì ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. Bí iná pupa ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀: fáànbẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń yí dáínámò tó sì ń yí fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó rò pé bátìrì lásán ni, tí wọ́n wà á délé, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n rà.

SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986, náírà já, tòkunbọ̀ gba títì. Ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, ṣíkánà tó ń ka àìsàn rẹ̀ sì dé sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bàbá kò bínú sí ṣíkánà. Àwọn náà ní ọ̀kan. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé bí nọ́ńbà kan bá ti yọ lójú rẹ̀, nǹkan tí nọ́ńbà náà dárúkọ ni àwọn ọ̀dọ́ á yọ, wọn kì í wo wáyà tó lọ síbẹ̀. Ìjàpá tí wọ́n ṣe fún ọdún 1972 pàápàá ní ojú ihò nínú yàrá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi lè so ó mọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò Volkswagen, síbẹ̀ ẹni tí yóò rí okùn áàtì tó jẹrà ṣì ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìjàpá ìkẹyìn jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní oṣù keje ọdún 2003. Láti ìgbà náà ni pátì tó dáa ti túbọ̀ ń ṣọ̀wọ́n. Kọ́ńdẹ́ńsà tuntun tí bàbá ń rà ní Gate máa ń kú kíákíá, torí náà wọn kì í ju ògbólógbòó tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nù. Wọ́n ti ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ wọn pé kí ọmọ iṣẹ́ rìwáyà máa lo àkókò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó tó gba fúríìdọ̀mù, kí ti mẹkáníìkì náà sì wá dọ́dọ̀ àwọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú wọn wà lábẹ́ 504 kan báyìí, gílóòbù kékeré tó ní wáyà méjì lọ́wọ́, ó ń tọ iná láti bátìrì, ìsopọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, mẹkáníìkì tó gbé ọkọ̀ náà wá sì ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì.