Àbùùbùtán: Bí A Ṣe Rí Ìyá àti Ọmọ Lójú Òkun Bahia

Nígbà tí mo ń lọ, ẹ ní kí n mú àbọ̀ wá. Àbọ̀ náà rèé.

Ẹ óò rántí pé ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò mi obìnrin fi wá ọmọ kí Yemọja tó dá a lóhùn. Nígbà tí ìyá wa ń bẹ̀bẹ̀ létí odò Ògùn ní Abẹ́òkúta, ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ ni pé bí ọmọ náà bá dé, tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì fẹsẹ̀ kan òdìkejì òkun, òun yóò fi ẹ̀bùn rán an sí Yemọja níbẹ̀. Ọmọ dé. Ọ̀nà Bràsíìlì náà sì là fún mi lóṣù kẹjọ, láti lọ kí àwọn ará wa ní ilé òrìṣà kan ní Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia. Ìyá di ẹrù kékeré kan lé mi lọ́wọ́: ìgò lọ́fíńdà, dígí, kóòmù oníke àti ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Ó wé gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní, “Má jẹ̀ẹ́ kó kan ilẹ̀ o. Àárín agbami ni kó o ti fi fún un.”

Lọ́dọ̀ tiwa, odò la ti mọ Yemọja; Olókun ló ni òkun. Àmọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá lọ ò rí odò Ògùn mọ́. Òkun ni wọ́n bá níwájú, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wọn sì ti ń kí i títí dòní. Lọ́jọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, àwọn apẹja Rio Vermelho ní Salvador máa ń fi ọkọ̀ gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ sójú omi, èrò á sì kún etíkun fọ́fọ́. Ìgbà tí mo lọ ní tèmi, kò sọ́dún, kò sí ọkọ̀ ẹ̀bùn. Ìyálórìṣà tó gbà mí lálejò ló ní, “Oṣù àwọn àbùùbùtán nìyí. Wọ ọkọ̀ àwọn tó ń lọ wò wọ́n, wàá dé agbami.” Ọmọ ilé náà kan, tó ti gbé Ilé-Ifẹ̀ rí tó sì gbọ́ Yorùbá, ló tẹ̀ lé mi.

Praia do Forte la ti wọkọ̀, ìlú kékeré etíkun kan lápá àríwá Salvador, nǹkan bíi kìlómítà 80. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n kó wa jókòó, ọ̀dọ́mọbìnrin tí yóò tọ́ wa sọ́nà sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ó ní àbùùbùtán kì í ṣe ẹja rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, ó ń lóyún bí ọdún kan, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Èyí tí à ń lọ wò jẹ́ oníké. Jubarte ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àgbà rẹ̀ lè gùn tó mítà 15, kó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wo mólúè Èkó tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ìhà gúúsù pátápátá, níbi omi yìnyín, ni wọ́n ti ń jẹun yó. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá, wọ́n á wá sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Bahia láti gùn àti láti bímọ. Ìyá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan jẹ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jẹ, òun náà ló sì ń sọ di wàrà fún ọmọ tó ti wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí ohun tí orúkọ Yemọja túmọ̀ sí: Yèyé ọmọ ẹja. Mo rọra rẹ́rìn-ín.

Ló bá ka òfin. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì sún mọ́ wọn ju mítà 100 lọ. A kò gbọdọ̀ dúró tì wọ́n ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ohunkóhun sómi. Bó ti sọ ìyẹn tán, ojú rẹ̀ bọ́ sí ọ̀rá ọwọ́ mi. Ó béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Mo sọ fún un, òótọ́ ni mo sọ. Ó fi pẹ̀lẹ́ ní kí n má bínú, òun mọ Yemọja, ìyá àgbà òun náà ń sìn ín, àmọ́ ẹrù yìí kò lè wọ omi.

Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín, inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi, ẹ̀jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ kékeré yìí fẹ́ fi òfin dí lọ́nà? Mo ti pinnu pé tí wọ́n bá yíjú, màá jù ú sómi wéré.

A wọ agbami. Ìgbì gbé wa sókè, ó gbé wa sílẹ̀, èébì sì dójú tì mí níwájú àjèjì. Bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, ẹnìkan pariwo. Mo rí èéfín omi tó fọ́n sókè bí ìgbà tí páìpù bẹ́. Wọ́n dín ẹ́ńjìnnì kù, wọ́n dúró. Ẹ̀yìn dúdú kan yọ, ó gùn, ó gùn, mo rò pé kò ní tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọ wà, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ ẹ̀yìn. Bí ọmọ bá fẹ́ yà sọ́dọ̀ wa, ìyá á rọra bọ́ sáàárín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbé ìrù sókè, funfun àti dúdú abẹ́ rẹ̀ hàn. Atọ́nà wa ní àwòrán yẹn ni wọ́n fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀, kò sí méjì tó jọra. Ó tún sọ ẹ̀rọ agbóhùn kan sínú omi, a sì gbọ́ orin akọ kan tí a ò rí: ó ń kùn, ó ń hu, ó ń padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀.

Ìgbà tí à ń padà ló sọ ìtàn tó dùn mí jù. Láti ọdún 1602 ni wọ́n ti ń pa wọ́n fún òwò ní Bahia. Epo wọn ni wọ́n fi ń tan fìtílà. Ọmọ ni àwọn ọdẹ máa ń kọ́kọ́ fi ọ̀kọ̀ gún, torí wọ́n mọ̀ pé ìyá kò ní fi ọmọ sílẹ̀ sá lọ. Àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà sì wà lára àwọn tí wọ́n fipá mú ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ rò ó wò: àwọn tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, àwọn ni wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yẹn.

Àwọn baba wa pè é ní àbùùbùtán, ohun tí a bù, bù, tí kò tán. Ó kù díẹ̀ kí orúkọ náà di irọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn onímọ̀, ìran àwọn oníké tó ń wá sí Bràsíìlì kù sí nǹkan bíi 450 ní àwọn ọdún 1950. Ọdún 1987 ni òfin Bràsíìlì ka pípa wọn léèwọ̀ pátápátá. Lónìí, wọ́n ti tún lé ní 20,000. Èèwọ̀ ló gbà wọ́n là.

Mi ò ju ẹrù náà sómi.

Mo pe Ìyá lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà, àyà mi ń já. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ̀jẹ́ yín ò tíì dénú omi o.” Mo ro ẹjọ́ délẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹbọ tí yóò há ọmọ ọlọ́mọ lọ́fun, ṣé Yemọja ni yóò gbà á? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ewé la fi ń di í. Ọ̀rá dé, a sọ ewé nù.” Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó nilé.

Ìyálórìṣà ní wọ́n ti ń bá ara wọn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, a lọ sétíkun. Ẹ̀gbo lórí ewé àti òdòdó funfun la fún omi, a fi orúkọ ọmọ náà pè é, ìgbì sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Dígí, kóòmù àti lọ́fíńdà wà lójúbọ ilé náà. Ìlẹ̀kẹ̀ la tẹ̀ bọ omi òkun, mo mú un bọ̀ wálé. Ọrùn ọmọ ló wà báyìí.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. Lẹ́yìn ọdún wa tó kọjá, ẹ dé etí odò Ògùn lọ́jọ́ kejì bí? Mo débẹ̀. Ọ̀rá omi, ike àti ìgò ni mo bá, òkìtì òkìtì. Odò ló ń gbé e lọ sínú ọ̀sà, ọ̀sà ń gbé e dé òkun, ìjàpá òkun á sì gbé ọ̀rá mì, á rò pé oúnjẹ ni. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan kó fi ewé tàbí igbá gbé ẹ̀bùn wá. Ohun tí omi kò lè jẹ, ojúbọ ni kó gbé. Kí àwọn ọmọ wa sì mú àpò dání, ká ṣa etí odò kí a tó wálé. Ìyá ní òun ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Yemọja á dá ọmọ sí fún wa. Ìyá ò ní wá ọmọ tì, ọmọ ò ní wá ìyá tì. Àṣẹ.